Asuráǹsì Ẹran Ọ̀sìn: Ohun Tó Yẹ Ká Béèrè Kí A Tó Sanwó

   Ẹni tó bá mọ̀wé láàárín yín, ẹ jẹ́ kó mú bíírò àti ìwé, torí pé a máa ṣe ìṣirò díẹ̀ lónìí.

Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń sin ewúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Àwọn aṣojú méjì ti wá bá wọn láàárín oṣù kan, oníkálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá ra asuráǹsì fún ẹran wọn. Owó wà nínú àpótí èsúsú ẹgbẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa ṣe ìpàdé láti pinnu. Wọ́n wá fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní: "Olùkọ́, ẹ bá wa wò ó. Ṣé èyí tí owó rẹ̀ kéré ni ká mú, àbí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ka ìwé méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, mi ò sì ní sọ pé ẹ mú eléyìí, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lówó, ẹ̀yin lẹ lẹ́ran. Ọ̀nà tí ẹ fi máa gbé ìwé méjì síra wọn, kí ojú yín sì rí ìyàtọ̀, ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́, ìyá mi ní àgbò mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn tóbi, ó sanra, ìyá mi ti yà á sọ́tọ̀ fún ọjà ọdún Iléyá. Owó àgbò yẹn ni wọ́n fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àbúrò mi. Ìyá mi sì ti san asuráǹsì lórí wọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àfi bí àgbò ṣe kú lóru ọjọ́ Ẹtì. Ìyá mi sunkún, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sin ín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí ó tó ráyè lọ sọ fún wọn. Wọ́n bi í pé: "Ìwé dókítà ẹran dà? Fọ́tò dà? Káàdì abẹ́rẹ́ dà?" Kò sí ọ̀kankan. Wọ́n ní àwọn ò lè san.

Inú bí mi, mo fẹ́ lọ bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé yẹn, mo rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ló wà níbẹ̀, ní ojú ewé kejì, ní èdè Faransé tí ìyá mi ò lè kà. Ẹni tó ta á fún un kò ṣàlàyé fún un. Èmi tí mo kàwé, mi ò béèrè. Àbúrò mi jókòó sílé ní ọdún yẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ "asuráǹsì", ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ló ti ka ìwé náà?

Ó dáa. Kí ni asuráǹsì gan-an? Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní ìbánigbófò tàbí adójútòfò, orúkọ yẹn sì ti sọ ọ́ tán: òfò dé, ẹnì kan bá ọ gbé e. Ẹ má ṣe fi wé èsúsú o. Nínú èsúsú, iye tí mo dá ni mo máa kó nígbà tó bá kàn mí. Asuráǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa dá owó kékeré jọ, ẹni tí òfò bá ṣẹlẹ̀ sí nìkan ló kó o. Bí ewúrẹ́ yín kò bá kú lọ́dún yìí, owó tí ẹ san ti lọ nìyẹn, kò ní padà. Kì í ṣe pé wọ́n jalè. Owó yín ti lọ gba ẹlòmíràn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí owó ẹlòmíràn ṣe máa gbà yín sílẹ̀ bó bá kàn yín. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ èyí, kí ó má rà á rárá, torí pé á kan máa bínú lọ́dọọdún ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ilẹ̀ Sweden, láti 1890 ni wọ́n ti ń ṣe asuráǹsì fún ẹṣin àti ẹran ọ̀sìn. Nígbà tó di 1924, wọ́n ṣe é fún ajá. Lónìí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé mọ àwọn tó ń sanwó lóṣooṣù lórí ajá tàbí ológbò wọn. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò asuráǹsì oko àti ẹran ọ̀sìn ní 1987. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní NAIC, ìjọba sì ń bá àgbẹ̀ san lára owó rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, wọ́n dá AMAB sílẹ̀ ní 2007, ìyẹn Assurance Mutuelle Agricole du Bénin, tó wà fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùsìn ẹran.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbi yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Oríṣi mẹ́rin ló wà.

Oríṣi àkọ́kọ́ ń san owó ìtọ́jú. Bí ajá bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, olówó rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, asuráǹsì á dá apá kan owó náà padà. Èyí ni ti àwọn ará Faransé lórí ajá àti ológbò. Àwọn ìwé ẹran ọ̀sìn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í sábà jẹ́ irú èyí.

Oríṣi kejì ń san owó ikú. Ẹran ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú rẹ̀. Bó bá kú, wọ́n san iye tó tó. Irú èyí ni ìwé méjèèjì tí ẹgbẹ́ yẹn fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹ lè mú rìsíti oògùn lọ kí wọ́n wá san án.

Oríṣi kẹta kì í wo ẹran rárá, ojú ọjọ́ ló ń wò. Ní Kenya, ní agbègbè Marsabit, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn darandaran ní oṣù kìíní 2010. Ẹ̀rọ tó wà lókè ọ̀run ló ń wo bí koríko ṣe tutù sí. Bí koríko bá gbẹ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé, gbogbo ẹni tó ti sanwó ní agbègbè náà á gba tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wá wo òkú màlúù. Ó yára, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá pa màlúù yín nígbà tí koríko tutù yọ̀yọ̀, kò sí owó. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún irè oko pẹ̀lú, òjò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Oríṣi kẹrin ń san ohun tí ẹran yín bá bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ mọ̀ pé níbí, bí màlúù bá jẹ àgbàdo onígbàdo, tàbí ajá bá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ẹni tó ni ẹran ni wọ́n ń mú. Ẹni tó bá ní alùpùpù tàbí ọkọ̀ mọ irú asuráǹsì yìí, ohun ni òfin fi dandan lé e.

Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni pé: "Ẹ̀yin aṣojú, nínú mẹ́rin yìí, èwo ni tiyín?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fún un lómi mu, kí ó máa lọ.

Ó kù bí ìbéèrè méje. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Èkíní: ẹran wo? Ṣé ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ, tàbí màlúù? Ṣé ọmọ ẹran wà níbẹ̀, àbí àgbà nìkan? Ṣé wọ́n gba ẹran tó ti darúgbó? Báwo ni wọ́n á ṣe dá tiyín mọ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò? Àwọn kan máa ń fi nọ́ńbà sí ẹran létí. Ewúrẹ́ tí kò ní nọ́ńbà, bó bá kú, ẹ lè jà títí, kò sí ẹ̀rí.

Èkejì: ikú wo ni wọ́n ń san? Àrùn ni? Iná ni? Ejò ni? Àrá ni? Ọkọ̀ ló gbá a? Ikú níbi ìbímọ ńkọ́? Ẹ kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta: ikú wo ni wọn kì í san? Nínú ìwé Faransé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "exclusions" sí. Apá yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, àní kí ẹ tó ka èyí tó dùn. Ilé-iṣẹ́ asuráǹsì wa wà lábẹ́ òfin CIMA, ìyẹn àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Yaoundé ní 1992. Òfin náà ní kí wọ́n kọ àwọn ohun tí wọn kò ní san ní lẹ́tà tó hàn gbangba. Bí ó bá kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni olè, ẹran tó sọnù, ebi, ẹran tí ẹ̀yin fúnra yín pa, àti àrùn tí abẹ́rẹ́ wà fún tí ẹ kò sì gún un. Àwọn kan tún máa ń yọ àjàkálẹ̀ àrùn kúrò pátápátá. Ẹ rántí 1997, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ẹlẹ́dẹ̀ wọ Bẹ̀nẹ̀, tó kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ ní ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ìwé tó yọ àjàkálẹ̀ àrùn kúrò kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní ìwé rárá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ sanwó lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ààbò bẹ̀rẹ̀. Ìwé lè ní kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. "Délai de carence" ni wọ́n ń kọ. Ìdí rẹ̀ yé mi: kí ènìyàn má baà rí ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ kí ó wá sáré lọ ra asuráǹsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí àrùn bá máa ń dé lásìkò ọyẹ́, ẹ má dúró di ọyẹ́ kí ẹ tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní "ẹ lọ ná, ẹ ó sanwó tó bá yá." Lábẹ́ òfin CIMA, a kò gbọ́dọ̀ ṣe asuráǹsì láìsan owó rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: èló gan-an ni wọ́n máa san? Ibí ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà. "Valeur" ni iye tí wọ́n ní ẹran yín tó. "Franchise" ni apá òfò tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé kí wọ́n tó dá sí i. "Plafond" ni òkè tí owó wọn kò ní kọjá. Ẹ fi àmì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a máa fi ṣe ìṣirò láìpẹ́. Kí ẹ tún mọ̀ pé asuráǹsì kì í sọ ènìyàn di olówó: wọn kò ní san ju iye tí ẹran náà tó lọ́jà lọ́jọ́ tó kú. Ẹ má pe ewúrẹ́ 25,000 sẹ́fà ní 60,000, owó tí ẹ ó san lórí rẹ̀ á kàn pọ̀ sí i lásán ni. Ẹ má sì fi pamọ́. Bí ẹ bá ní ewúrẹ́ mẹ́wàá tí ẹ kọ márùn-ún sílẹ̀ kí owó lè dín, bí ọ̀kan bá kú, wọ́n lè ní ìdajì owó rẹ̀ ni àwọn á san, nítorí ìdajì agbo ẹran lẹ ṣe asuráǹsì fún.

Ẹ̀kẹfà: kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó san? Abẹ́rẹ́ wo? Ìwé wo? Láàárín ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn? Ẹ fetí sí èyí: fún òfò mìíràn, òfin fún wa ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ikú ẹran ọ̀sìn tàbí olè, ìwé àdéhùn lè dín in kù sí wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ìyẹn ọjọ́ méjì péré. Ìyá mi kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀.

Èkeje: ta ni wọ́n? Ibo ni ọ́fíìsì wọn wà? Ta ni mo máa pè lóru? Ṣé wọ́n fún mi ní rìsíti tó ní orúkọ mi àti ọjọ́? Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń sanwó, nínú ọwọ́ ni àbí lórí fóònù? Ẹ wádìí bóyá ìjọba fọwọ́ sí wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ abúlé mìíràn tó ti bá wọn ṣe é: ṣé wọ́n ti san fún ẹnikẹ́ni rí? Aṣojú tí kò lè tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo tó ti gbowó, ẹ rọra ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àwọn iye tí mo máa lò yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe wọ́n kí ó lè yé wa. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan.

Ẹgbẹ́ kan ní ewúrẹ́ mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 25,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 250,000 sẹ́fà.

Ìwé A ní: ẹ san 15,000 lọ́dún. Bí ẹran bá kú, nípa àrùn tàbí ìjàǹbá, a san 80 nínú 100. Ó túmọ̀ sí 20,000 lórí ewúrẹ́ kan. Ṣùgbọ́n a kò ní san ju ewúrẹ́ márùn-ún lọ lọ́dún.

Ìwé B ní: ẹ san 10,000 lọ́dún. A san gbogbo owó ewúrẹ́, 25,000 pérépéré. Ṣùgbọ́n méjì àkọ́kọ́ tó bá kú lọ́dún, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìjàǹbá nìkan la sì ń san, bí iná, ejò, àrá, ọkọ̀. Àrùn kò sí níbẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé, ibi tí ẹnì kan ti máa pariwo ni pé: "Ìwé B ni! Owó rẹ̀ kéré, ó tún ń san gbogbo rẹ̀!" Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká pa ewúrẹ́ náà lórí ìwé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n kú lójú ayé.

Ejò bu ewúrẹ́ kan ṣoṣo jẹ. Ìwé A san 20,000. Ìwé B kò san nǹkan kan, nítorí pé méjì àkọ́kọ́ tiyín ni.

Àrùn pa mẹ́ta. Ìwé A san 60,000. Ìwé B kò san nǹkan kan.

Iná jó ilé ẹran, mẹ́fà kú. Ìwé A san ti márùn-ún, 100,000. Ìwé B yọ méjì kúrò, ó san ti mẹ́rin, 100,000. Wọ́n dọ́gba.

Iná jó gbogbo mẹ́wàá. Ìwé A kò kọjá márùn-ún, 100,000 náà ni. Ìwé B san ti mẹ́jọ, 200,000.

Ṣé ẹ ti rí i? Ìwé B kò burú. Ó wà fún ọjọ́ tí iná bá run gbogbo rẹ̀. Ìwé A wà fún àrùn àti òfò kéékèèké. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ bi ara wọn kì í ṣe "èwo ló wọ́n?" Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni: "Láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ló pa ewúrẹ́ wa?" Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: àrùn mélòó, ejò mélòó, ọkọ̀ mélòó, olè mélòó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwọn òkú yẹn lé Ìwé A, ẹ gbé e lé Ìwé B, ẹ wo iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá san. Bó bá jẹ́ pé olè ló ń kó ẹran yín, tí ìwé méjèèjì kò sì san ti olè, ilẹ̀kùn àti ajá ni ẹ nílò, kì í ṣe asuráǹsì.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn aṣojú kì í fẹ́ sọ: asuráǹsì kọ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn wa jù, tí imú wọn á máa ṣàn, ojú á máa ṣomi, ẹnu á dégbò, tí wọ́n á máa ṣu gbuuru, àwọn dókítà ń pè é ní PPR. Abẹ́rẹ́ wà fún un, ààbò rẹ̀ sì máa ń tó ọdún mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ wà fún àrùn tó ń pa adìyẹ lọ́yẹ́ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń pè ní Newcastle. Bí owó yín kò bá tó méjèèjì, ẹ gún abẹ́rẹ́ kí ẹ tó ronú nípa asuráǹsì. Abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí ẹran kú. Asuráǹsì máa ń dúró kó kú ná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láìsí káàdì abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ìwé kò ní san.

Ẹni tó ní adìyẹ márùn-ún tàbí ewúrẹ́ kan, ó lè sàn kí ó máa fi owó díẹ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀. Asuráǹsì dára fún òfò tí bó bá dé, á dá ilé rú: màlúù tí wọ́n fi ń roko, agbo ẹran tí wọ́n yáwó ra, àgbò tí owó ilé-ìwé wà lórí rẹ̀.

Bí ẹran tí ẹ ti san asuráǹsì lé lórí bá kú ńkọ́? Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ wákàtí tí ẹ pè é sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gbé e. Ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ ya fọ́tò òkú ẹran náà, kí nọ́ńbà etí rẹ̀ hàn. Ẹ pe ẹlẹ́rìí méjì, ẹ sì sọ fún olórí abúlé. Ẹ fi nǹkan bo òkú náà kí ajá má baà fà á ya, títí wọn á fi sọ pé ẹ lè sin ín. Kí ẹ wá sin ín jìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má pín ẹran tó kú fúnra rẹ̀ jẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti sin ẹran. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án rárá. Àrùn kan wà tí ń kọjá láti ara irú òkú bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn, ó sì ń pa ènìyàn. Lóòótọ́, ẹni tó bá ti pín ẹran náà ti pàdánù ẹ̀rí tí asuráǹsì fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ṣáájú owó.

Ajá náà ńkọ́? Ẹnì kan béèrè lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá asuráǹsì wà fún ajá ọdẹ rẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń bọ́. Kò sí ìwé asuráǹsì tó lè dá ẹni náà padà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí kí a tó tún pàdé. Ọ̀kan: ẹ ka iye ẹran tó kú láàárín yín ní ọdún mẹ́ta, kí ẹ kọ ohun tó pa wọ́n. Èkejì: ẹ wá gbogbo káàdì abẹ́rẹ́ jáde, kí ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan ṣoṣo lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ̀kẹta: ẹ yan ọmọ kan tó gbọ́ Faransé dáadáa, kí ó ka apá "exclusions" sókè fún gbogbo ẹgbẹ́, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè wa, ní ojú aṣojú náà. Bí aṣojú náà bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ẹ̀yin obìnrin tó fi ìwé ránṣẹ́, ìwé yín méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ kà, mo sì ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ rán wá á gbé e padà fún yín lọ́la. Ẹ máa bá ìpàdé ọjọ́ Àìkú yín lọ. Bí ẹ bá pinnu pé ẹ kò ní rà á lọ́dún yìí, ìtìjú kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ fi ìwé náà síbi tí gbogbo yín ti mọ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àpótí ẹnì kan.

Ìyá mi ṣì ń sin àgbò. Káàdì abẹ́rẹ́ wọn wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nọ́ńbà dókítà ẹran sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Àbúrò mi ló kọ ọ́.

 Ọlọ́run á bá wa sin ẹran wa yè.